Ọmọ mi fẹ́ fi quantum dot ṣiṣẹ́ lórí sẹ́ẹ̀lì nẹ́ẹ̀fù: ṣé kí n ní kó jáwọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Kubwa níbí ní Àbújá ni mo ń gbé. Ọmọbìnrin mi ń kàwé gboyè másítà ní Zaria. Iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n fún un ni pé kó da nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní quantum dot sára sẹ́ẹ̀lì nẹ́ẹ̀fù èkúté, kó wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Mo wá kà á lórí fóònù pé májèlé ni, pé ó ń pa ọpọlọ. Àbúrò ọkọ mi tún ní òun náà ló wà nínú tẹlifíṣàn ńlá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sí pálọ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ṣé kí n ní kó jáwọ́ nínú iṣẹ́ náà? Ṣé kí a gbé tẹlifíṣàn kúrò níwájú àwọn ọmọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun tí ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó pe ọmọ náà. Ẹ má ní kó jáwọ́, ẹ sì jẹ́ kí tẹlifíṣàn yín wà níbi tó wà. Bẹ́ẹ̀ mi ò ní sọ pé irọ́ ni ẹ kà. Òótọ́ wà níbẹ̀, wọ́n kàn gé e kúrú ni, irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ a sì máa dẹ́rù ba èèyàn níbi tí kò yẹ, a tún máa fi ọkàn èèyàn balẹ̀ níbi tó yẹ kó ti ṣọ́ra. Bí ọ̀rọ̀ quantum dot àti sẹ́ẹ̀lì nẹ́ẹ̀fù bá délẹ̀, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: kí ni wọ́n fi ṣe é, kí ni wọ́n fi bò ó, ibo ló sì ń lọ? Ẹni tí kò bá dáhùn ìyẹn, tó kàn ní "ó ń pa ọpọlọ", kò tíì sọ nǹkan kan.

Quantum dot jẹ́ èérún tó kéré débi pé máíkíróskóòpù tí àwọn ọmọ ń lò nílé ẹ̀kọ́ girama ò lè fi ìrísí rẹ̀ hàn. Ọ̀pọ̀ wọn kò ju nánómítà 2 sí 10 lọ, bẹ́ẹ̀ nánómítà mílíọ̀nù kan ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Àwọ̀ rẹ̀ ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Bí ẹ bá tan iná búlúù tàbí ultraviolet sí i, èyí tó kéré á tan àwọ̀ ewé, èyí tó tóbi jù ú lọ díẹ̀ á tan pupa, bẹ́ẹ̀ èròjà kan náà ni wọ́n fi ṣe àwọn méjèèjì. Alexei Ekimov rí i nínú gíláàsì ní ilẹ̀ Soviet ní 1981. Louis Brus rí i nínú omi kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà ní 1983. Ní 1993, Moungi Bawendi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, rí ọ̀nà tí gbogbo èérún náà fi lè dọ́gba. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pín ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì ní 2023. (Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀bùn yẹn ṣe ẹ̀rí pé nǹkan náà ò léwu o. Ẹni tó ṣe dáínámáìtì ló fi owó ẹ̀bùn ọ̀hún sílẹ̀.)

Ìdí tí wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì nẹ́ẹ̀fù kò le. Aró tí a fi ń kun sẹ́ẹ̀lì kí a lè rí i a máa ṣá kíákíá lábẹ́ iná máíkíróskóòpù, ṣùgbọ́n quantum dot kì í tètè ṣá. Ní 2003, ẹgbẹ́ onímọ̀ kan ní Paris, tí Maxime Dahan àti Antoine Triller wà nínú wọn, so ó mọ́ purotéènì kan lára sẹ́ẹ̀lì nẹ́ẹ̀fù tí wọ́n mú láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn èkúté. Wọ́n wá jókòó tì í fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, wọ́n ń wo bí purotéènì yẹn ṣe ń rìn wọ ojúkò tí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń bá èkejì sọ̀rọ̀, tó tún ń jáde. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ní fi irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Wàhálà ibẹ̀ ni irin olóró kan tó ń jẹ́ kádímíọ́mù. Èyí tí àwọn láàbù ti lò jù nínú quantum dot, kádímíọ́mù pẹ̀lú sẹlẹ́níọ́mù ni, tàbí kádímíọ́mù pẹ̀lú tẹlúríọ́mù. A ti mọ kádímíọ́mù tipẹ́ ká tó gbọ́ orúkọ quantum dot. Àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ti kà á mọ́ àwọn tó dájú pé wọ́n ń fà á. Bó bá wọ kíndìnrín, ó lè gba ọdún 10 sí 30 kí ìdajì rẹ̀ tó jáde. Ní agbègbè Toyama ní Japan, ìdọ̀tí ibi ìwakùsà gbé e wọ odò Jinzu, odò gbé e wọ oko ìrẹsì, ó sì sọ egungun àwọn ará ibẹ̀ di ohun tí ń kán wẹ́wẹ́. Àwọn tó ń mu sìgá náà ń fà á símú lójoojúmọ́, bí wọn ò tilẹ̀ mọ̀.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì nẹ́ẹ̀fù ló máa ń rọrùn fún un láti bà jẹ́? Kálísíọ́mù ni ẹ kọ́kọ́ wò. Òun ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì nẹ́ẹ̀fù ìgbà tó yẹ kó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí èkejì rẹ̀, nítorí náà ara sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún kún fún ẹnu ọ̀nà tí kálísíọ́mù ń gbà wọlé. Bí kádímíọ́mù bá ti di ayọ́ọ̀nù, ìyẹn èyí tó gbé agbára iná dání, títóbi rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti kálísíọ́mù dọ́gba, agbára iná tí wọ́n gbé dání sì jẹ́ bákan náà. Ó wá dà bí ẹni tí wọn ò pè sí ìnáwó, tó lọ rán aṣọ ẹbí wọn: bó bá dé ẹnu géètì, wọ́n á gbà á wọlé, wọ́n á tún fún un ní àga. Apá kan nínú rẹ̀ á há sẹ́nu ọ̀nà, kálísíọ́mù gan-an ò ní rí ibi kọjá. Èyí tó bá wọlé á lé síńkì kúrò lára àwọn purotéènì tó nílò síńkì kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Á sì tún di glutathione mú. Glutathione yìí ni sẹ́ẹ̀lì fi ń pa oró tó ń wá láti ara ọ́síjìn, tí kò bá sì sí i tó, oró yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì àti mitochondria tó ń pèsè agbára fún un.

Ọpọlọ ò sì ní àfaradà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wa lọ, síbẹ̀ òun nìkan ń lo nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ọ́síjìn tí a ń mí símú. Bí a bá yọ omi kúrò, ọ̀rá ló pọ̀ jù lára rẹ̀, irú ọ̀rá tí oró ọ́síjìn ń tètè bà jẹ́. Bí ẹ̀dọ̀ bá sì fara gbọgbẹ́, á tún ara rẹ̀ ṣe, á hù padà. Sẹ́ẹ̀lì nẹ́ẹ̀fù ò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí èèyàn ní lónìí ni yóò lò dọ́jọ́ ikú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú ẹni tó bá ní, "Ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ló kú nínú sẹ́ẹ̀lì náà, kò burú." Ó sinmi lórí sẹ́ẹ̀lì tí à ń sọ.

Àmọ́ kádímíọ́mù tí mo ń sọ yìí, tí ó bá ṣì wà nínú èérún náà ní dídè, kò tíì rí ẹnikẹ́ni pa. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Ní 2004, Derfus, Chan àti Bhatia ní California gbé èyí yẹ̀wò lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ èkúté. Quantum dot oníkádímíọ́mù àti sẹlẹ́níọ́mù tí afẹ́fẹ́ tàbí iná ultraviolet ti kàn tẹ́lẹ̀ tú kádímíọ́mù sílẹ̀, ó sì pa sẹ́ẹ̀lì. Bí wọ́n ṣe fi èèpo síńkì àti sọ́fọ̀ (imí ọjọ́) bò ó, ìpalára náà lọ sílẹ̀ gan-an. Mo ní ó lọ sílẹ̀ o, mi ò ní ó tán, torí iná ultraviolet tó bá pẹ́ lórí rẹ̀ ṣì lè borí èèpo ọ̀hún. Láti ìgbà náà ni ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí kì í ti í béèrè pé "Ṣé quantum dot léwu?" Ohun tó ń béèrè ni irú èèpo tó wà lára rẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó nínú ìgò, àti bí iná ṣe kàn án tó.

Ti sẹ́ẹ̀lì nẹ́ẹ̀fù fúnra rẹ̀, iṣẹ́ méjì ni mo fẹ́ kí ọmọ yín kà dáadáa. Àkọ́kọ́ wá láti Montreal ní 2005, láti láàbù Dusica Maysinger. Sẹ́ẹ̀lì PC12 ni wọ́n lò, tí wọ́n mú láti ara kókó orí kíndìnrín èkúté, tó sì máa ń hùwà bíi sẹ́ẹ̀lì nẹ́ẹ̀fù bí a bá tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n da quantum dot oníkádímíọ́mù àti tẹlúríọ́mù sí i, aláwọ̀ ewé tó kéré àti pupa tó tóbi. Èyí tó kéré pa sẹ́ẹ̀lì ju èyí tó tóbi lọ. Nínú sẹ́ẹ̀lì N9, irú mìíràn láti inú ọpọlọ tí wọ́n tún lò, ibi tí wọ́n lọ yàtọ̀: àwọn kékeré yọ́ dé ààrin gbùngbùn níbi tí DNA wà, àwọn ńlá dúró sí ìta rẹ̀. Bí wọ́n ṣe fi N-acetylcysteine sí i, tí í ṣe oògùn tó ń ran glutathione lọ́wọ́, sẹ́ẹ̀lì tó yè pọ̀ sí i. Albumin, purotéènì kan láti inú ẹ̀jẹ̀ màálù, náà dáàbò bò wọ́n. Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ pé oró ọ́síjìn kì í ṣe àròsọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó tún fi hàn pé títóbi àti agbára iná ara èérún náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀, kì í ṣe kádímíọ́mù tó tú jáde nìkan.

Èkejì jáde ní 2008. Sẹ́ẹ̀lì nẹ́ẹ̀fù gidi ni wọ́n lò níbẹ̀, láti hippocampus èkúté, apá ọpọlọ tó ń bá wa fi ìrántí pa mọ́. Quantum dot tí wọn ò fi ohunkóhun bò ni wọ́n dà sí i. Kálísíọ́mù inú sẹ́ẹ̀lì náà ròkè, àwọn ẹnu ọ̀nà sódíọ́mù tó ń gbé iná nẹ́ẹ̀fù kiri kò sì ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Sẹ́ẹ̀lì lè wà láàyè o, kó má sì lè ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá a. Mo fẹ́ kí ẹ rántí èyí nítorí pé àyẹ̀wò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń ṣe jù, ìyẹn MTT tó ń di àwọ̀ àlùkò, bóyá mitochondria sẹ́ẹ̀lì ṣì ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń sọ. Nẹ́ẹ̀fù tí kò lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ mọ́ lè yege nínú àyẹ̀wò yẹn.

Ẹ wá lè bi mí pé, gbogbo èyí nínú àwo láàbù ni, ti ẹranko tó ń mí ńkọ́? Ní 2012 wọ́n gún ọ̀bọ ní abẹ́rẹ́ quantum dot oníkádímíọ́mù tí wọ́n bò dáadáa, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún 90 ọjọ́. Àwọn ọ̀bọ náà ń jẹ, wọ́n ń mu, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn dára. Àwọn ìwé ìròyìn kan gbé e pé nǹkan náà ò léwu. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn 90 ọjọ́ yẹn, púpọ̀ nínú kádímíọ́mù náà ṣì wà nínú ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wọn. Oṣù mẹ́ta kéré jù láti fi dá irin tó ń lo ọgbọ̀n ọdún nínú ara lẹ́jọ́. Ìdí tó fi ń dúró kò ṣòro: iṣẹ́ kan tó jáde ní 2007 fi hàn pé èérún tí gbogbo rẹ̀, tòun tèèpo, kò bá ju nánómítà 5.5 lọ ni kíndìnrín lè sẹ́ jáde sínú ìtọ̀. Bó bá ti tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú ara ni yóò máa gbé.

Láti inú ẹ̀jẹ̀ dé inú ọpọlọ, ògiri wà níbẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú òpó ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ fún mọ́ra wọn gírígírí, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èérún yìí kò sì ní rí ibẹ̀ kọjá. Ọ̀nà mìíràn tó ń kọ èmi lóminú ju ẹ̀jẹ̀ lọ ni imú. Nẹ́ẹ̀fù tí a fi ń gbóòórùn na ọwọ́ láti inú imú tààrà dé inú ọpọlọ láìgba ọ̀dọ̀ ògiri náà kọjá. Wọ́n ti jẹ́ kí eku fa ìkùukùu quantum dot símú nínú ìwádìí, wọ́n sì rí i pé ó gba ọ̀nà yẹn lọ sí ibùdó òórùn nínú ọpọlọ wọn. Kódà àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ bátìrì oníkádímíọ́mù láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò lè gbóòórùn dáadáa mọ́. Nítorí náà, èyí tó wà nínú omi nínú ìgò kò bà mí lẹ́rù tó èyí tó gbẹ di ẹ̀tù tàbí tí wọ́n fọ́n sínú afẹ́fẹ́.

Ó ti wá kan ọmọ yín. Ohun tí ẹ kà lórí fóònù, sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n da nǹkan lé lórí tààrà nínú àwo ló ń sọ. Kò sí ògiri níbẹ̀, kò sí ẹ̀dọ̀, kò sí kíndìnrín. Sẹ́ẹ̀lì inú àwo ló ń jẹ ìyà náà, kì í ṣe ọmọ tó di píípẹ́ẹ̀tì mú, bó bá ti ṣe é bó ṣe yẹ. Ìbéèrè tí ẹ máa bi í ni pé: "Ṣé ẹ ń rà á ni, àbí ẹ̀yin lẹ ń sè é?" Bí wọ́n bá ń rà á nínú omi, tó wà nínú ìgò kékeré, ewu rẹ̀ kéré fún ẹni tó bá ń wọ ìbọ̀wọ́ nítrílì, tí kì í jẹun ní láàbù, tó sì ń fọwọ́. Bí wọ́n bá ń sè é fúnra wọn, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Níbi sísè ni ẹ̀tù kádímíọ́mù tí wọ́n ń wọ̀n lórí òṣùwọ̀n wà, tó ń fẹ́ bí fáànù bá ń yí. Lásìkò tí Bawendi bẹ̀rẹ̀, dimethylcadmium ni wọ́n ń lò, omi kan tó ń gbaná fúnra rẹ̀ tó sì burú jáì. Àwọn ará Arkansas ló fi hàn ní 2001 pé kádímíọ́mù ọ́kísáìdì lè ṣe iṣẹ́ náà. Èyí sàn jù, ṣùgbọ́n májèlé ni kádímíọ́mù ọ́kísáìdì náà bí èèyàn bá fà á símú. Kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n nínú àpótí tó ń fa èéfín síta, kí fáànù yàrá wà ní pípa. Bí àpótí yẹn ò bá ṣiṣẹ́, tàbí tí wọ́n ti sọ ọ́ di ibi ìkó-ìwé-sí bí mo ṣe máa ń rí i káàkiri, kí ó má sè é. Kí wọ́n rà á. Bí oyún bá sì wà níkùn rẹ̀ tàbí tó ń retí rẹ̀, kí ó sọ fún olùkọ́ rẹ̀, kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ mìíràn lórí ọ̀rọ̀ yìí títí yóò fi bímọ.

Iná mànàmáńná náà wà níbẹ̀. Ìwọ̀n 4 lórí Celsius ni ọ̀pọ̀ irú ìgò wọ̀nyí ń fẹ́, nínú òkùnkùn. Ní Zaria nígbà oòrùn oṣù kẹta àti ìkẹrin, tí iná bá lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ tí kò dé títí di ọjọ́ Ajé, ohun tó wà nínú fìríìjì ti yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n rà. Àmì kan wà tí ojú lásán lè rí: èérún tó ń jẹrà ń kéré sí i, àwọ̀ rẹ̀ á sì máa fà sẹ́yìn láti pupa sí ọsàn, láti ọsàn sí ewé, tàbí kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣá. Ìgò tó bá ti ń ṣe báyìí ti ń tú kádímíọ́mù sínú omi. Kí ó má fi ṣèwádìí mọ́, kí ó má sì dà á sínú síńkì ìfọwọ́. Kí wọ́n ní kèèbù tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí irin olóró sí, tó ní ọmọrí àti lébẹ́ẹ̀lì.

Ẹ jẹ́ kí n yà bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ díẹ̀. Àbúrò, iṣẹ́ rẹ yóò níyì bí o bá lè ya oró kádímíọ́mù sọ́tọ̀ kúrò lára oró èérún náà. Fi kádímíọ́mù kúlóráìdì sí àwo kan, ní ìwọ̀n tó bá èyí tó tú jáde lára quantum dot rẹ dọ́gba. Fi èèpo nìkan, láìsí èérún, sí àwo mìíràn. Láìṣe méjèèjì yìí, o ò lè sọ ohun tó pa sẹ́ẹ̀lì rẹ. Ṣọ́ra fún àyẹ̀wò tó ń lo ìmọ́lẹ̀, torí quantum dot fúnra rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀, ẹ̀rọ ò sì mọ ìyàtọ̀. Má dúró lórí MTT. Wọn gígùn ọwọ́ tí sẹ́ẹ̀lì na síta, wo kálísíọ́mù inú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà fún ọ, fi èyí tí kò ní kádímíọ́mù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: indium phosphide tí a fi síńkì bò, tàbí ti káábọ̀nù. Ní 2018 àwọn ará Seoul àti Johns Hopkins fi irú ti káábọ̀nù, ìyẹn graphene, dí purotéènì tó ń dì pọ̀ nínú àrùn Parkinson lọ́wọ́ lára eku. Kì í ṣe pé ti káábọ̀nù kì í pa sẹ́ẹ̀lì bó bá pọ̀ jù o. Kò kàn ní irin tó lè tú jáde ni.

Ẹ̀gbọ́n mi, ti tẹlifíṣàn ò pẹ́ rárá. Bó bá jẹ́ QLED ti Samsung, kò ní kádímíọ́mù, indium phosphide ni wọ́n ń lò. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ti lo èyí tó ní kádímíọ́mù. Èyí tó wù kó jẹ́, inú awẹ́ ike tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń dè é sí lẹ́yìn gíláàsì, torí omi àti afẹ́fẹ́ ń ba òun náà jẹ́, iléeṣẹ́ ò sì fẹ́ kí àwọ̀ tẹlifíṣàn ṣá. Wíwò rẹ̀ kì í mú nǹkan kan wọ ojú tàbí ọpọlọ yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Bí ọmọ bá fi bọ́ọ̀lù fọ́ ọ, ẹ kó gíláàsì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bó ike inú rẹ̀ ṣeré.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù ni ẹ̀yìn ìgbà tó bá bàjẹ́. Ẹ mọ àwọn baban bola tó ń ti kẹ̀kẹ́ kiri àdúgbò yín. Ibi tí wọ́n ń kó o lọ, wọ́n ń jó wáyà níbẹ̀ láti yọ kọ́pà, gbogbo ohun tó bá wà nítòsí ló ń bá a jó. Iná ń ṣe ohun tí pálọ̀ ò lè ṣe: ó ń jó ike, ó ń tú irin sílẹ̀ sínú èéfín, ọmọ tó ń dáná náà sì ń fà á símú. Ẹ má wulẹ̀ ro quantum dot nìkan níbẹ̀. Tẹlifíṣàn onídìí ńlá àtijọ́ ní òjé tó lè ju kílógíráàmù kan lọ nínú gíláàsì rẹ̀. Àwọn bátìrì nickel-cadmium inú tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ sì ní kádímíọ́mù tó pọ̀ fíìfíì ju ti tẹlifíṣàn lọ.

Ní apá àríwá yìí, a ti rí ohun tí irin ń ṣe fún ọpọlọ ọmọdé. Ní Zamfara ní 2010, ní àwọn abúlé bíi Dareta àti Yargalma, wọ́n ń lọ òkúta wúrà nínú agbolé, òjé sì pọ̀ nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bo ilẹ̀, àwọn ọmọ ń ràkòrò nínú rẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ sẹ́nu. Gìrì mú wọn, ó ju 400 ọmọdé tó kú. Òjé náà ń gba ẹnu ọ̀nà kálísíọ́mù wọ sẹ́ẹ̀lì nẹ́ẹ̀fù bíi kádímíọ́mù. Àwọn dókítà Médecins Sans Frontières fún àwọn tó yè ní DMSA, oògùn tó ń fa òjé jáde nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ là, ṣùgbọ́n kò dá sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ti kú padà fún ẹnikẹ́ni. Kò sí quantum dot kankan níbẹ̀. Bí ẹ bá bi mí, ọmọ tó ń jó wáyà ní Nyanya wà nínú ewu ju ọmọ yín tó wà nínú láàbù ní Zaria lọ, ìdí tí mo sì fi fẹ́ kí ọmọ yín parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Àwa tó mọ bí irin ṣe ń wọ sẹ́ẹ̀lì nẹ́ẹ̀fù kò pọ̀ tó níhìn-ín.

Ẹ ní kó ya fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì ìgò náà ránṣẹ́ sí mi. Bó bá rí CdSe/ZnS lára rẹ̀, ìyẹn kádímíọ́mù àti sẹlẹ́níọ́mù tí wọ́n fi síńkì àti sọ́fọ̀ bò, èèpo wà níbẹ̀, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí mo ṣe wí. Bó bá rí InP/ZnS, ìyẹn indium phosphide tó ní èèpo kan náà, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ CdTe (kádímíọ́mù àti tẹlúríọ́mù) nìkan ni wọ́n kọ, tí ZnS kankan ò tẹ̀ lé e, kó má tíì ṣí i: kó kọ́kọ́ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí àpótí tó ń fa èéfín àti kèèbù ìdọ̀tí, kí méjèèjì sì ti wà nílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.